Okùn Ìsáṣọ àti Ẹ̀rọ Afọṣọ-máṣọ-gbẹ: Èwo Ni Tiwa ní Alímọ̀ṣọ́?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn baba wa tí wọ́n pa òwe náà kò sọ ẹni tí yóò fọ aṣọ tí a fẹ́ kí. Bóyá wọn kò rò pé ó tó sísọ ni, nítorí pé àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọmọbìnrin ni wọ́n ń ru ú lọ sí odò nígbà náà, iṣẹ́ tí ènìyàn kì í bá sì í ṣe, kì í mọ̀ pé ó wúwo. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ èdè, ọ̀rọ̀ àṣà àti ọ̀rọ̀ lítíréṣọ̀ ni a sábà máa ń kà nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ aṣọ fífọ̀ há a láàrin lọ́dún yìí.

Ohun tí ó mú mi mú kálàmù ni ẹ̀rọ kan tí ó ti ń wọ ilé àwọn ènìyàn ní Ẹgbẹ́dá, ní Ìkòtún àti ní Ìgándò. Ẹ̀rọ ìfọṣọ lásán ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa, kì í ṣe òun ni mo ń wí. Èyí tí mo ń wí ni èyí tí ó ń fọ aṣọ, tí ó ń ṣan án, tí ó ń fún un, tí ó sì tún ń mú un gbẹ nínú ikùn kan náà, tí ó jẹ́ pé bí a bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, aṣọ gbígbẹ tí ó gbóná ni a óò kó jáde. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń ta irú rẹ̀ láti àwọn ọdún 1950. Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ẹbí wa tí ń gbé ní Peckham mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé ilé ìdáná ibẹ̀ kéré, kò gba ẹ̀rọ méjì, ọ̀pọ̀ ilé kò sì ní àgbàlá tí a lè ta okùn sí. Oòrùn pàápàá, àlejò ni lọ́hùn-ún. Ìbéèrè tèmi ni pé ṣé bí ó ti yẹ Peckham náà ni ó yẹ Alímọ̀ṣọ́?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń gbé ní Ìgándò pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn kò tíì pé ọdún kan. Erékùṣù Èkó ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Aago mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀ ni ó ń jáde nílé kí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ má baà ká a mọ́ ojú ọ̀nà, aago mẹ́sàn-án alẹ́ sì máa ń lù kí ó tó wọlé. Ọjọ́ Sátidé nìkan ni ó ní fún aṣọ, Sátidé ọ̀hún náà sì ni ọjọ́ òkú, òun ni ọjọ́ ìgbéyàwó, òun ni ọjọ́ ọjà. Ní oṣù keje kan tí òjò kò dáwọ́ dúró, mo dé ilé wọn, mo rí aṣọ lórí àga, lórí ilẹ̀kùn, lára irin fèrèsé, àní lára fáànù tí kò lè yí nítorí pé kò sí iná. Gbogbo ilé ń rùn bí ajá tí òjò pa. Ó ní, "Àbúrò mi, mo ti lọ ra ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi." N kò lè bá a wí. Ta ni yóò bá a wí?

Àwọn tí ń fi ẹ̀rọ yìí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ohun afẹ́ ni, n kò rò pé wọ́n ti fọ aṣọ ọmọ jòjòló rí ní àkókò òjò. Alímọ̀ṣọ́ kì í ṣe abúlé mọ́. Ìkànìyàn ọdún 2006 fi hàn pé àwa ni a pọ̀ jù nínú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó, a lé ní mílíọ̀nù kan nígbà náà, ẹ sì wo iye ilé tí wọ́n ti kọ́ láti ìgbà náà wá. Onílé ń kọ́ ilé dé ẹnu odi. Ibi tí à bá ta okùn sí ni ó fi yàrá méjì sí. Okùn tí ó kù, ayálégbé mẹ́jọ ni ó ń jà lé e lórí. Aṣọ tí a sá síta lówùúrọ̀ lè má sí níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, kò sì sí ẹni tí a óò bi. Bí iná bá ràn ní ààtàn ńlá tí wọ́n ń pè ní Solous ní Ìgándò, èéfín rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò yóò wọ̀ lọ sí ilé ìjọsìn lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ eṣinṣin tún wà níbẹ̀. Irú eṣinṣin kan wà ní ilẹ̀ wa tí ó máa ń yé ẹyin sí ara aṣọ tútù tí a sá sí abẹ́ òjìji tàbí tí a tẹ́ sórí koríko. Bí a bá wọ aṣọ náà láìlọ̀ ọ́, ẹyin yóò pa, ìdin rẹ̀ yóò wọ inú awọ ara, yóò sì wú bí eéwo. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá wa fi máa ń taku pé kí a fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ gbogbo aṣọ ọmọdé, títí kan pátá. Aṣọ tí ó gbẹ nínú ẹ̀rọ kò bá eṣinṣin pàdé rárá. Ẹni tí ó bá ti fún ìdin jáde lẹ́yìn ọmọ rẹ̀ rí yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe àǹfààní kékeré.

Mo ti ka oore rẹ̀ tán. Ó kù kí a dé ìdí mítà.

Ohun tí ó ń mú aṣọ gbẹ nínú ẹ̀rọ náà ni irin tí ń gbóná, bí irú èyí tí ó wà nínú kẹ́tù tí a fi ń se omi. Ó máa ń jẹ 1,500 wáàtì sí 2,000 wáàtì, kì í sì í ṣe ìṣẹ́jú mẹ́ta bíi ti kẹ́tù, wákàtí méjì sí mẹ́ta ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí wọ́n yí owó iná mànàmáná padà fún àwọn tí ó wà ní Band A, láti nǹkan bí náírà 68 ni yúníìtì kan ti fò lọ sí náírà 225. Iye náà ti yí díẹ̀ láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi òun ṣírò. Bí irin náà bá jẹ 1,500 wáàtì fún wákàtí méjì, yúníìtì mẹ́ta lọ, ìyẹn náírà 675. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀, náírà 2,700. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, náírà 10,800, a kò sì tíì ka iná tí ó fi fọ aṣọ náà mọ́ ọn. Owó oṣù tí ó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù keje ọdún 2024 jẹ́ náírà 70,000. Ohun tí ó ju ìdá kan nínú ìdá méje owó náà lọ ni a ó fi ṣe iṣẹ́ tí oòrùn ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta.

Èyí jẹ́ fún àwọn tí ó wà ní Band A o, tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí fún lójúmọ́. Ọ̀pọ̀ àdúgbò wa kò sí níbẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" kò gbé ẹgbẹ̀rún wáàtì, kò lè gbé e bí ó ti wù kí a bẹ̀ ẹ́ tó. Jẹnẹrétọ̀ ńlá lè gbé e, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ẹni tí ó bá da epo sí jẹnẹrétọ̀ nítorí àtimú aṣọ gbẹ, n kò mọ orúkọ tí ó yẹ kí a pè é. Àwọn tí ó ní bátìrì àti iná oòrùn lórí òrùlé, ẹ kíyè sára: irin gbígbóná yìí ni ó ń yára fa bátìrì gbẹ ju aṣọ lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí ẹ̀gbọ́n mi ra tirẹ̀ ni iná lọ nígbà tí iṣẹ́ kò tíì dé ìdajì. Alẹ́ Sọ́ńdè ni. Ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà ti ara rẹ̀ pa, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe é kí omi má baà ya sílẹ̀, gbogbo aṣọ iléèwé àwọn ọmọ sì wà nínú rẹ̀ nínú omi ọṣẹ. À ń wò wọ́n láti ẹnu ìlẹ̀kùn onígíláàsì bí ẹni ń wo ẹja. Iná kò dé títí ilẹ̀ fi mọ́. (Lẹ́yìn èyí ni a kà á nínú ìwé tí ó bá a wá pé okùn kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí a lè fà kí ilẹ̀kùn lè ṣí, bí a bá ti kọ́kọ́ fa omi rẹ̀ jáde. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ni ó ní i. Ẹni tí ó bá ní irú rẹ̀, kí ó wá a kí iná tó lọ.)

Omi náà ń kọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé fífọ̀ nìkan ni ẹ̀rọ fi ń lo omi. Púpọ̀ nínú irú ẹ̀rọ yìí tún ń fa omi tútù nígbà tí ó bá ń mú aṣọ gbẹ, láti fi sọ ooru aṣọ di omi padà kí ó lè dà á nù. Nítorí náà, omi borehole tí a fi iná fà sókè sínú táńkì ni a tún fi ń mú aṣọ gbẹ. Bí táńkì kò bá ga tó, omi kì í fi agbára wọlé, ẹ̀rọ náà yóò sì máa dún pé òun kò rí omi. Omi ilẹ̀ ọ̀pọ̀ ibi ní àdúgbò wa ní ìpẹtà nínú. Aṣọ funfun wọlé, aṣọ aláwọ̀ tíì jáde, ooru sì tún jẹ́ kí àbàwọ́n náà lẹ̀ mọ́ ọn dan-in dan-in.

Ohun mìíràn tí àwọn tí ń tà á kì í tètè sọ ni pé ikùn rẹ̀ kò gba bákan náà fún iṣẹ́ méjèèjì. Èyí tí wọ́n kọ kílò mẹ́jọ sí lára, fífọ̀ ni. Bí ó bá di ti gbígbẹ, kílò márùn-ún ni ó sábà ń gbà. Ẹni tí ó bá ti kó kílò mẹ́jọ sí i yóò tún kó ìyókù jáde ní tútù, okùn náà ni yóò sì gbé e lọ. Àdìrẹ ẹlẹ́lú, aṣọ òkè, léèsì, kò sí èyí tí a lè kó sínú ooru rẹ̀ nínú gbogbo wọn. Bí ìdí ọ̀kan bá sì bàjẹ́, ìṣẹ́ méjèèjì dúró.

Ti tòkunbọ̀, ọ̀rọ̀ kò pọ̀ níbẹ̀. Èyí tí ó bá ti Lọ́ńdọ̀nù wá, iná tiwọn àti tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Èyí tí ó bá ti Amẹ́ríkà wá, iná ibẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Bí a bá kì í bọ iná wa bẹ́ẹ̀, yóò jó.

Mo ti gbọ́ tí bàbá kan wí pé ẹ̀rọ yìí ni yóò sọ àwọn obìnrin wa di ọ̀lẹ. Mo fẹ́ mọ ọjọ́ tí bàbá náà fọ aṣọ kẹ́yìn. Ní tèmi, ẹjọ́ tí ó le jù lọ́rùn ẹ̀rọ náà wá láti ibòmíràn: àwọn obìnrin tí ń lọ láti ilé dé ilé ní Ìkòtún àti Ẹgbẹ́dá, tí wọ́n ń fọ aṣọ olówó láti fi san owó iléèwé ọmọ tiwọn. Náírà 10,800 tí a ṣírò lókè yìí, ọwọ́ wọn ni ìbá bọ́ sí. N kò sọ pé kí a máa fi ọwọ́ obìnrin kan bó nítorí kí ó lè jẹun, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kéré tán kí ó jẹ́ ẹ̀rọ tí ó mọ iṣẹ́ náà ṣe.

Èrò tèmi ni pé ìdajì rẹ̀ ni ó yẹ wá. Fífọ̀ àti fífún ni ó ń pa ènìyàn lára, òun ni ó ń bó àtẹ́lẹwọ́, òun ni ó ń fa ẹ̀yìn ríro. Ẹ̀rọ ìfọṣọ lásán ń ṣe ìyẹn pẹ̀lú iná díẹ̀, bí a bá fi omi tútù fọ̀ ọ́. Bí ó bá sì fún aṣọ dáadáa, ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ lábẹ́ òrùlé ti tó o láti gbẹ, àní nígbà òjò. Kí àwọn onílé wa fi àyè bí yàrá kan sílẹ̀ lábẹ́ páànù fún okùn. Kò ná wọn tó ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa fún àgírímẹ́ǹtì. Ẹni tí ó ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí kò ní àgbàlá, tí ó ní ọmọ jòjòló tàbí arúgbó tí ń tọ̀ sórí ibùsùn, tí iná rẹ̀ sì dúró, n kò ní sọ fún un pé kí ó má rà á.

Ẹ̀gbọ́n mi kò ta tirẹ̀. Ó ń fi í fọ gbogbo aṣọ, ṣùgbọ́n aṣọ ọmọ kékeré nìkan ni ó ń jẹ́ kí ó mú gbẹ, nígbà tí òjò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀ tí iná sì wà. Fún ìyókù, ọkọ rẹ̀ ta okùn mẹ́rin sí abẹ́ páànù lẹ́yìn ilé, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń sá a kí ìyàwó rẹ̀ tó ti Erékùṣù dé. Lánlọ́ọ̀dù kọ́kọ́ fẹ́ bínú. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ kẹ́yìn, bùbá lánlọ́ọ̀dù wà lórí okùn kẹta.