Èso àti Wàrà fún Ọmọ Ilé-Ìwé

Àwọn àgbà a máa wí pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí èyí bá jẹ́ òtítọ́ fún àgbàlagbà, mélòómélòó ni fún ọmọ kékeré tí a fẹ́ kọ́ ní ìṣirò nígbà tí oòrùn bá ti ń ga? Nítorí náà ni mo ṣe mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí iwájú ẹ̀yin olùkọ́ wa, àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń múra láti di olùkọ́.

Ní Òṣooro ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, láti Ìlútitun títí dé Igbótako, èso kò wọ́n wa. Ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ọsàn àti ọ̀pẹ òyìnbó ń bẹ nínú oko àti ní ẹ̀yìnkùlé. Síbẹ̀ ìbẹ́pẹ a máa jẹrà lábẹ́ igi, nígbà tí ọmọ onílé ń fi owó ọwọ́ rẹ̀ ra bisikíìtì. Àwọn kan ń wí pé èso kì í ṣe oúnjẹ, ìpanu lásán ni. Lóòótọ́, èso nìkan kò tó láti mú ẹran ara ọmọ dàgbà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kù fún un ń bẹ nínú wàrà.

Wàrà kì í ṣe ohun ilẹ̀ wa láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Eṣinṣin tsetse inú igbó a máa kó àrùn ran màlúù. Nítorí náà ni iṣẹ́ yìí fi di ti àwọn obìnrin Fúlàní ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Wọn a gbé omi ọmú màlúù ka iná, wọn a fi oje ewé bòmubòmu sí i kí ó lè dì, wọn a sì sẹ́ omi rẹ̀ kúrò. Ní ilẹ̀ Benin, níbi tí a ti ń pè é ní wàgàsì, wọn a fi poroporo ọkà bàbà sè é kí ó lè pọ́n.

Ẹnìkan lè wí pé ó wọ́n, pé ó sì ti ọ̀nà jíjìn wá. Èmi dáhùn pé díẹ̀ ni a nílò. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ tún wàrà náà sè nínú omi oníyọ̀, nítorí kì í pẹ́ bàjẹ́. Kí ó fọ ọwọ́, ọ̀bẹ àti èso. Kí ó bó ìbẹ́pẹ pípọ́n, kí ó kó kóró rẹ̀ dànù, kí ó gé e wẹ́wẹ́ pẹ̀lú wàrà, kí ó sì fún ọsàn lé e lórí. Bí ó bá fi ọ̀pẹ òyìnbó kún un, kí wọn jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí oje rẹ̀ a máa sọ wàrà di kíkorò. Níbi tí wàrà kò bá dé, ẹ̀pà yíyan lè dípò rẹ̀.

Ìbẹ́pẹ tí a bá gbìn kì í ju bí ọdún kan lọ kí ó tó so. Ilé-ìwé wo ni kò ní àyè fún igi mẹ́rin tàbí márùn-ún? A ń kọ ẹ̀kọ́ ìlera sí ojú pátákó, àwọn ọmọ sì ń dà á kọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí wọn kò rí nínú àwo, wọn yóò gbàgbé rẹ̀ kí wọn tó dé ilé. Ẹ jẹ́ kí àwa tí a ń lọ di olùkọ́ fi ọwọ́ wa gbìn ín, kí a sì fi ọwọ́ wa gé e fún wọn.