Ẹ Jẹ́ Kí Olùkọ́ Máa Wo Olùkọ́ Lẹ́nu Iṣẹ́

Kò sí ẹni tó gba NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́, nílẹ̀ Nàìjíríà tí kò ṣe TP, ìyẹn ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ nílé ìwé. Á kọ ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á dojú kọ àwọn ọmọ, olùkọ́ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì á sì jókòó sẹ́yìn kíláàsì láti fún un ní máàkì. Ó tán nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, olùkọ́ lè pẹ́ títí lẹ́nu iṣẹ́ láìsí ẹni tó ń wo bó ṣe ń kọ́ni, àfi ìsípẹ́kítọ̀, tí wíwá rẹ̀ máa ń kó jìnnìjìnnì bá gbogbo ilé ìwé.

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1963, ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, Dwight Allen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan: kí olùkọ́ kọ́ ìwọ̀nba ọmọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó gbọ́ ohun tí àwọn tó ń wò ó rí, kó sì tún ẹ̀kọ́ náà kọ́. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ń lò ó, microteaching ni wọ́n ń pè é. Àtúnkọ́ yẹn gan-an ló ń sọni di ọ̀jáfáfá. Ní Jàpáàn, àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà ń ṣe irú rẹ̀: wọ́n á jọ gbèrò ẹ̀kọ́ kan, ẹnì kan á kọ́ ọ, àwọn yòókù á sì máa wo àwọn ọmọ.

Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ tiwa náà máa wo ara wọn bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ sì ni kí wọ́n máa wò lóòótọ́. “Ẹ ṣe dáadáa” kò ran olùkọ́ kankan lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ní, “Ẹ̀gbọ́n, nígbà tẹ́ ẹ bi wọ́n pé èwo ló pọ̀ jù, ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí ìdá kan nínú mẹ́rin, àwọn ará ẹ̀yìn mú mẹ́rin torí pé mẹ́rin ju mẹ́ta lọ,” olùkọ́ náà ti mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

A mọ̀ pé kò rọrùn fún ọmọdé olùkọ́ láti sọ irú èyí fún àgbà. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ọ̀gá ilé ìwé kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn kíláàsì tirẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn tó kéré jù wá wò ó, kó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní gbangba.

Ohun tí à ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn SUBEB, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kò ju méjì lọ: kí wọ́n fi píríọ́ọ̀dù kan lọ́sẹ̀ sílẹ̀ nínú táìmtéébù kí àwọn olùkọ́ lè máa wo ara wọn, kí wọ́n sì kà á léèwọ̀ pé kí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wọ fáìlì ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ̀rù bá wà níbẹ̀, eré ìtàgé ni olùkọ́ yóò máa ṣe fún àwọn tó wá wò ó.