Bíbẹ Àwọn Ọ̀dọ́ Abiyamọ Wò Nílé: Báwo Ni A Ó Ti Mọ Èrè Rẹ̀?

Àgbẹ̀ tí ó bá gbin irúgbìn titun sí ẹ̀bá odò, tí ó sì gbin ti àtijọ́ sí orí àpáta, kò lè sọ èyí tí ó dára jù nínú méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn tí ń yin iṣẹ́ bíbẹ àwọn òbí titun wò nílé, kí a má baà fi ìyà jẹ ọmọ tàbí kí a pa á tì. Wọn a ní ìyá tí a bẹ̀ wò ń tọ́jú ọmọ rẹ̀ dáadáa. Bóyá ìyá tí ó ní ìfẹ́ ọmọ tẹ́lẹ̀ ni ó ṣílẹ̀kùn fún wọn!

Ní ìlú Elmira, ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, David Olds àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà á lọ́nà tí ó tọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1978, wọ́n kó 400 aboyún tí kò tí ì bímọ rí jọ, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọdébìnrin, aláìní tàbí aláìlọ́kọ. Wọ́n sì pín wọn bí ẹni ṣẹ́ kèké. Nọ́ọ̀sì bẹ apá kan wò láti inú oyún títí ọmọ fi pé ọdún 2. Àbájáde tí a tẹ̀ ní 1997, nígbà tí àwọn ọmọ ti tó ọdún 15, fi hàn pé ẹ̀sùn ìfìyàjẹ àti àìbójútó ọmọ tí ìjọba fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì ti àwọn tí nọ́ọ̀sì kò bẹ̀ wò.

Ṣùgbọ́n níbi tí tọkọtaya ti ń lu ara wọn lemọ́lemọ́, èrè yìí kò hàn. Ní Hawaii pẹ̀lú, níbi tí àwọn olùbẹ̀wò kì í ti í ṣe nọ́ọ̀sì, àyẹ̀wò tí a tẹ̀ ní 2004 kò rí i pé ìfìyàjẹ ọmọ dínkù bí a ti retí.

Àwọn kan ń wí pé ìkà ni láti fi kèké yọ ìyá kan sílẹ̀. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì kò tó, a ó ṣá yọ ẹnìkan sílẹ̀. Kèké sàn ju ojúsàájú lọ.

Kí ẹni tí ń kà á sì ní sùúrù. Ilé tí olùbẹ̀wò ń wọ̀, ojú wà níbẹ̀: ọgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kì bá tí rí, a rí i, a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní Elmira, ní ọdún 2 tí ó tẹ̀lé òpin ìbẹ̀wò, ìwé ẹ̀sùn kò fi ìyàtọ̀ kankan hàn. Bí àwọn olùkà bá ti lọ sílé nígbà náà, wọn ì bá ti kéde pé asán ni iṣẹ́ náà.