ABALA ÌLERA: Kòkòrò Tí Ó Bọ́ Agbádá Rẹ̀ Sílẹ̀

 

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan ru ẹran dé ẹnu ọ̀nà wa. Ẹran náà pọ̀, owó pọ́ọ́kú ni ó sì ń tà á. Ìyàwó mi ti ń tú owó kí n tó bi í pé, “Ta ni ó pa á?” Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní màlúù náà ṣubú lóru ni. A dá ẹran rẹ̀ padà. Àwọn kan ní àdúgbò rà á, wọ́n ní ọgbọ́n mi ti pọ̀ jù. Ìdí tí mo fi kọ̀ ọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Àrùn kan wà tí a ń pè ní anthrax. Màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ ni ó sábà máa ń pa. Ẹran tí ó bá mú lè kú lójijì, kí ẹ̀jẹ̀ tí kì í dì máa jáde ní imú àti ní ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó bá kun ẹran náà, tàbí tí ó jẹ ẹ́, lè kó àrùn náà. Kòkòrò rẹ̀ lè sùn sínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, kí ó tún jí. Ní oṣù keje ọdún 2023, a rí i ní oko ẹran kan ní Suleja, Ìpínlẹ̀ Niger.

Ohun ìjà méjì ni kòkòrò yìí ní: oró àti agbádá. Agbádá náà bò ó tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀ kò fi lè gbé e mì. Ní 1881, ní Pouilly-le-Fort ní ilẹ̀ Faransé, Louis Pasteur gún àgùntàn 24 ní abẹ́rẹ́ kòkòrò tí ó ti sọ di aláìlágbára, ó sì fi 24 mìíràn sílẹ̀. Nígbà tí a kó àrùn ran gbogbo wọn, àwọn tí ó gba abẹ́rẹ́ yè, àwọn ìyókù kú. Ṣùgbọ́n oògùn náà kì í bára mu: nígbà mìíràn ó le jù, nígbà mìíràn kò lágbára tó.

Max Sterne, dókítà ẹran ní Onderstepoort, South Africa, ni ó rí ọ̀nà tí ó dára jù ní 1937. Ó gbin kòkòrò náà sórí oúnjẹ tí ó ní omi ẹ̀jẹ̀, nínú afẹ́fẹ́ tí carbon dioxide pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn alágbádá hù, wọ́n ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Nígbà tí ó ṣe, àwọn mìíràn yọ láti ara wọn, àwọn wọ̀nyí kò yọ̀: ọmọ wọn ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti bọ́ agbádá sílẹ̀. Sterne ṣa ìwọ̀nyí, ó sì dán wọn wò lára ẹran. Oró wọn ṣì wà, ṣùgbọ́n ara tètè ń ṣẹ́gun wọn, ó sì ń ti ibẹ̀ kọ́ bí a ti í dènà oró náà. Bí alágbádá bá wá dé, ara ti mọ̀ ọ́n.

Ní Vom nítòsí Jọ́ọ̀sì, ní ilé ìwádìí àrùn ẹran tí a dá sílẹ̀ ní 1924, ni a ti ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára yìí fún ẹran wa ní Nàìjíríà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹran, ẹ jẹ́ kí dókítà ẹran gún wọn ní ọdọọdún. Ẹ má ṣe fún wọn ní oògùn apakòkòrò lákòókò náà, nítorí kòkòrò inú abẹ́rẹ́ wà láàyè, oògùn yóò sì pa á kí ó tó ṣiṣẹ́. Bí ẹran bá kú lójijì, ẹ má là á, ẹ má bó o. Ẹ pe dókítà ẹran. Ẹ̀yin ìyá wa, odò ẹran tí a ti ń yẹ ẹran wò ni kí ẹ ti máa rà. Òkúǹbete kò yẹ ní ìkòkò wa.

Ìfura ni oògùn àgbà. Ẹran owó pọ́ọ́kú lè di gbèsè ilé ìwòsàn.