Ọrọ̀ Ń Bẹ Nínú Ààtàn Àwọn Awakùsà

Nígbàkígbà tí àwọn tí ń wa kùsà lórí ilẹ̀ wa bá ń ké pé ìnáwó iṣẹ́ ti pọ̀ jù, pé epo wọ́n, pé ọkọ̀ tí ń kó erùpẹ̀ kò yé bàjẹ́, ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé: kí ni ẹ ń dà nù?

Ẹ jẹ́ kí a wo Jos. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá ni àwọn Òyìnbó ti ń wa tánganran lórí òkè náà. Bí wọ́n ti ń fi omi fọ yanrìn, òkúta dúdú kan tí a ń pè ní columbite a máa bá tánganran jáde. Ìdọ̀tí ni wọ́n kà á sí, wọ́n sì ń dà á nù. Nígbà tí ó yá, àwọn tí ń rọ irin rí i pé ohun tí a ń yọ nínú rẹ̀ a máa jẹ́ kí irin lè fara da iná inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú. Láàárín ọdún 1952 sí 1955, ìjọba Amẹ́ríkà ń san owó ẹ̀bùn ńlá lé iye rẹ̀. Kíá ni àwọn tí ó ti dà á nù sáré padà sí orí òkìtì àná láti tún un fọ̀! Èyí tí ó wà nínú òkìtì náà kò béèrè pé kí wọ́n gbẹ́ kòtò tuntun. Ìnáwó gbígbẹ́ rẹ̀ ti wà lára ti tánganran. Òótọ́ ni àwọn àgbà sọ pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti erùpẹ̀ tí a ń hó kúrò lórí kùsà. Ẹni tí ó kó o lọ síbi jíjìn yóò tún kó o padà, nítorí òfin kùsà ti ọdún 2007 ní kí awakùsà tún ilẹ̀ ṣe. Bí ó bá dà á sínú kòtò tí ó ti wà tán lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni ọkọ̀ yóò rìn. Omi tí a fi fọ yanrìn pàápàá, bí a bá jẹ́ kí ó tòrò, a lè fà á lò lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn àgbẹ̀ Jos kò dúró de ẹnikẹ́ni ní tiwọn: omi inú kòtò àtijọ́ ni wọ́n fi ń gbin ànàmọ́ òyìnbó àti tòmátì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ṣùgbọ́n a kò fara mọ́ kí a máa pe gbogbo ààtàn ní ọrọ̀. Monazite wà nínú yanrìn òkìtì Jos, thorium tí ń tú ìtànṣán olóró jáde sì wà nínú monazite. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn ti fi yanrìn yìí kọ́ ilé tí wọ́n ń sùn sí. Awakùsà yọ nínú ìnáwó, kọ́lékọ́lé rí yanrìn ọ̀fẹ́, àwọn ọmọ tí ń sùn sínú ilé ni yóò san gbèsè náà. Ìjọba àpapọ̀ ni òfin fi gbogbo kùsà ilẹ̀ yìí sí lọ́wọ́. Òun ni kí ó rán àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń wọn ìtànṣán, kí ọkọ̀ kankan tó kó yanrìn kúrò lórí òkìtì wọ̀nyí, kí àwọn ilé iṣẹ́ awakùsà sì san owó wíwọ̀n náà.