Elechi Amadi àti Àwa Àlejò ní Bórókírì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí bá ọ̀pọ̀ wí nínú àwa ọmọ Yorùbá tí a tẹ̀dó sí Bórókírì, tí a ń ṣòwò, tí a ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, tí a sì ti bímọ síhìn-ín. A mọ iye tí ọjà ń lọ, a mọ ọjọ́ tí onílé yóò wá gba owó ilé, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn tí ó gbà wá lálejò, orúkọ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wa fi ń pe gbogbo wọn. Ẹni tí ó jẹ́ Ikwerre, a ní Ìbò ni. Ẹni tí ó jẹ́ Okrika, a ní Ìbò ni. Kalabari àti Ogoni pàápàá kò bọ́ níbẹ̀. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ máa pè wọ́n ní kòbòkóbò. Èyí kò dára, kò sì yẹ ọmọlúwàbí.

Kò sí àwáwí fún wa mọ́, nítorí ọmọ onílẹ̀ kan ti jókòó, ó sì ti kọ ìtàn àwọn ènìyàn rẹ̀ sílẹ̀. Elechi Amadi ni orúkọ rẹ̀. A bí i ní Aluu, ní ilẹ̀ Ikwerre, ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 1934. Ó dágbére fáyé nínú ìlú Port Harcourt yìí ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 2016. Ọkùnrin náà kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ wa, nítorí Yunifásítì Kọ́lẹ́jì Ìbàdàn ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ físíìsì àti ìṣirò, tí ó sì gboyè ní ọdún 1959. Ó ṣe iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀, ó ṣe olùkọ́, ó sì ṣe ológun títí dé ipò kápútẹ̀nì. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ó bá ìjọba Ìpínlẹ̀ Rivers ṣiṣẹ́ títí ó fi di kọmíṣọ́nnà.

Ṣùgbọ́n gègé ìkọ̀wé rẹ̀ ni a ó fi máa rántí rẹ̀. The Concubine jáde ní ọdún 1966, The Great Ponds ní 1969, The Slave sì ní 1978. Nínú àwọn ìwé wọ̀nyí, òyìnbó kọ́ ni ọ̀gá ìtàn. Ọdẹ, apẹja, àgbààgbà ìlú, obìnrin ilé àti àwọn òrìṣà tí wọ́n ń bọ ni ìtàn náà dá lé.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ The Great Ponds wò. Ìlú méjì, Chiolu àti Aliakoro, ń jà nítorí adágún kan tí ẹja pọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ń gbógun ti ara wọn, wọ́n sì ń jí ènìyàn ara wọn gbé. Níkẹyìn, akọni kan láti Chiolu, Olumba, búra níwájú òrìṣà pé bí òun bá wà láàyè fún oṣù mẹ́fà, ìlú òun ni ó ni adágún náà. Olumba kò kú, ṣùgbọ́n ọ̀tá rẹ̀, Wago, lọ pa ara rẹ̀ sínú omi náà, ó sì di èèwọ̀ fún gbogbo ènìyàn láti pẹja níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àjàkálẹ̀ àrùn tí ó kárí ayé ní ọdún 1918 ń pa tọ̀tún tòsì wọn. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní mọ́. Ta ni nínú wa tí kò tíì rí irú ìjà ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí ní ìlú tirẹ̀ nílé?

Ní ọdún 1973, Amadi tẹ Sunset in Biafra, ìwé tí ó fi ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí nígbà ogun abẹ́lé, títí kan àtìmọ́lé tí ìjọba Biafra fi í sí. Ẹni tí ó bá kà á yóò mọ̀ pé nígbà tí erin méjì ń jà, àwọn ẹ̀yà kéékèèké wà láàárín wọn tí wọ́n ní orúkọ tiwọn, tí wọ́n sì ní ìrora tiwọn.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí. Ní Èstóníà, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní àríwá Yúróòpù, òǹkọ̀wé Jaan Kross, tí a bí ní 1920 tí ó sì kú ní 2007, ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ìjọba Soviet mú un ní 1946, kò sì padà sílé láti ìgbèkùn títí di 1954. Lẹ́yìn náà ni ó fi ìtàn àwọn ará àtijọ́ rán àwọn ènìyàn rẹ̀ létí ẹni tí wọ́n jẹ́, ní àkókò tí kò rọrùn láti wí i ní gbangba. Nílé tiwa, Isaac Délànọ̀ kọ Aiyé d'Aiyé Òyìnbó ní 1955, Adébáyọ̀ Fálétí sì kọ Ọmọ Olókùn Ẹṣin ní 1969. Inú wa a máa dùn bí àjèjì bá ka irú ìwé wọ̀nyí, tí ó sì mọ Ìjẹ̀bú yàtọ̀ sí Èkìtì. Ohun tí a fẹ́ kí a ṣe fún wa ni ó yẹ kí a ṣe fún ẹlòmíràn.

Nítorí náà, a ké sí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Bórókírì àti ní gbogbo Port Harcourt: ẹ fi díẹ̀ nínú owó ẹgbẹ́ ra ìwé Amadi àti ti Fálétí, kí ẹ sì máa yá àwọn ọmọ wa. Kí ọmọ tí a bí síhìn-ín ka ọ̀kan láti mọ ilé baba rẹ̀, kí ó ka èkejì láti mọ ilẹ̀ tí ó ń tẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò yín bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀yà rẹ̀, kí ẹ sì máa pè é bẹ́ẹ̀. Kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹni tí ó mọ orúkọ onílé, tí ó sì mọ ìtàn rẹ̀, kì í pẹ́ di ara ilé.