Ìwé Atọ́ka Kì í Ṣe Bíbélì

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí lè bí àwọn kan nínú, pàápàá àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì. Ẹ forí jì mí. Ọmọ ìjọ ni èmi náà, ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n lè pa ẹnu mọ́.

Ní Ìbẹfun, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, nínú ìjọ kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n pín ìwé pélébé kan fún wa ní ìpàdé ẹ̀kọ́ Bíbélì. Àkòrí rẹ̀ ni Ìwòsàn. Ẹsẹ méjìlá ni ó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ṣa gbogbo wọn láti inú ìwé atọ́ka kan, irú èyí tí ó máa ń kó ẹsẹ Bíbélì jọ sábẹ́ àkòrí kọ̀ọ̀kan. Ẹ́kísódù 15:26 wà níbẹ̀, Sáàmù 103:3 wà níbẹ̀, Àìsáyà 53:5 náà kò gbẹ́yìn. Olùkọ́ ka ẹsẹ kan, a ṣe Àmín. Ó ka èkejì, Àmín tún ròkè. Ìyá àgbà kan tí ó jókòó tì mí so ìwé náà mọ́ etí ìborùn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ mọ́. Kò pé oṣù méjì tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi kọ lù ú.

N kò sọ pé Ọlọ́run kì í woni sàn. Ohun tí mò ń bi olùkọ́ wa ni pé, níbo ni 1 Tímótì 5:23 wà, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti gba Tímótì níyànjú pé kí ó máa lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú tí ń dà á láàmú? Níbo ni 2 Tímótì 4:20 wà, tí Pọ́ọ̀lù yìí kan náà fi Tírófímù sílẹ̀ nínú àìsàn ní Mílétù? 2 Àwọn Ọba 20:7 ńkọ́, tí wòlíì Àìsáyà fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo Ọba Hesekáyà? Oògùn ni ọ̀pọ̀tọ́ yẹn, àbí kí ni? Ẹni tí ó ṣa ẹsẹ méjìlá ti wàásù kí ó tó la ẹnu rẹ̀.

Kí a má ṣe ṣi mí gbọ́. Iṣẹ́ ńlá ni àwọn tí ó ṣe ìwé wọ̀nyí ṣe. Alexander Cruden gbé tirẹ̀ jáde ní London ní ọdún 1737, láìsí ẹ̀rọ kankan tí ó ràn án lọ́wọ́. Orville Nave, tí ó jẹ́ àlùfáà fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, kó tirẹ̀ jọ ní àkòrí-àkòrí nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń parí lọ. Mo ní Nave nílé, mo sì ń lò ó. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ni. A kì í sùn sí ẹnu ilẹ̀kùn. Àní nọ́ńbà ẹsẹ tí wọ́n gbára lé kò sí nínú lẹ́tà tí Pọ́ọ̀lù kọ. Robert Estienne, atẹ̀wé kan, ni ó fi irú èyí tí à ń lò dónìí sí Májẹ̀mú Tuntun ní ọdún 1551.

Ẹ tilẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà gan-an, ẹsẹ. Kí Bíbélì tó dé ni Yorùbá ti ní ẹsẹ Ifá. Ẹsẹ Ifá kì í ṣe ìlà kan. Ó máa ń dárúkọ awo tí ó dífá, ẹni tí wọ́n dá a fún, ohun tí ó mú un wá, ẹbọ tí wọ́n ní kí ó rú, bóyá ó rú u tàbí kò rú u, àti bí ó ṣe já sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ka apá mẹ́jọ nínú rẹ̀ nínú ìwé tí ó ṣe ní ọdún 1976. Babaláwo tí ó bá já ìlà kan péré lé ọ lọ́wọ́ kò tí ì dáhùn ohun tí o bá wá. (Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ń mú Ifá wọ ìjọ, èdè ni mò ń sọ.) Kí ló dé tí àwa wá gbà kí ẹsẹ Bíbélì kéré tó bẹ́ẹ̀?

Ibi tí ó dùn mí jù nìyí: ìwé atọ́ka Gẹ̀ẹ́sì ni à ń fi tọ́ àwọn tí Bíbélì Yorùbá wà lọ́wọ́ wọn sọ́nà. Odindi Bíbélì tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ parí ní ọdún 1884. Nígbà tí ogun Ìmàgbọn ọdún 1892 parí, tí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ṣí sílẹ̀ fún ìjọ, Bíbélì náà ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan, olùkọ́ wa mú àkòrí Ọ̀rọ̀ Ẹnu wá. Ó ti wo abẹ́ “conversation” nínú ìwé atọ́ka rẹ̀, ó sì rí Fílípì 1:27, 1 Pétérù 1:15 àti 3:1. Ó ní ọ̀rọ̀ sísọ ni gbogbo wọn ń bá wí. Ìyá kan gbé Bíbélì rẹ̀ sókè.

“Ọmọ mi, ìwà ni mo rí níhìn-ín o. N kò rí ọ̀rọ̀ ẹnu.”

“Ẹ má bínú, Màmá, bí ó ṣe wà nínú ìwé tèmi nìyẹn.”

Màmá ni ó jàre. Ìwà ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn túmọ̀ sí ní ọdún 1611 tí wọ́n tẹ Bíbélì Ọba Jákọ́bù. Gẹ̀ẹ́sì ti yí padà kúrò níbẹ̀, Yorùbá ti dúró sí ìwà láti ọjọ́ tí Crowther ti fi í síbẹ̀. Ẹni tí ó ka ìwé púpọ̀ ni ó ṣìnà, ìyá tí ó ka Bíbélì rẹ̀ ni ó mọ ọ̀nà.

Àwọn kan yóò ní àgbẹ̀ àti oníṣòwò kò ráyè ka odindi ìwé. 2 Tímótì kò ju orí mẹ́rin lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni a fi kà á tán ní ilé mi, ọmọdé ni ó sì kà á.

Àwa mélòó kan ti ń kọ atọ́ka tiwa báyìí, ní Yorùbá, láti inú Bíbélì Yorùbá, sínú ìwé àjákọ lásán. Bí a bá kọ ẹsẹ kan, a ó kọ ẹni tí ó sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹni tí ó sọ ọ́ fún, àti ohun tí ó fà á. Ìwà ni àkòrí wa àkọ́kọ́. Ìwòsàn ni ó tẹ̀ lé e, Tírófímù sì wà níbẹ̀.